Bí A Ṣe Ń Dá Irú Róòsì Inú Ọgbà Mọ̀

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ra ilé ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì ló ń bá igi róòsì lẹ́yìnkùlé tí kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀. Àwọ̀ òdòdó ni wọ́n sábà máa ń fi wá a. Àwọ̀ ló yẹ kó kẹ́yìn, torí oòrùn máa ń ṣí i, àìmọye irú róòsì ló sì pawọ́ pọ̀ ní àwọ̀ kan náà.

Ẹ kọ́kọ́ wo ìdí igi. Gbòǹgbò róòsì mìíràn ni wọ́n lẹ ọ̀pọ̀ róòsì ọgbà mọ́. Ẹ̀ka tó bá hù láti ìsàlẹ̀ ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́, ti gbòǹgbò ni. Ẹ má yẹ̀ ẹ́ wò rárá.

Ó kan ẹ̀gún. Ẹ̀gún tẹ́ẹ́rẹ́ ló bo igi róòsì tí wọ́n ń pè ní Rosa rugosa látòkè délẹ̀, ewé rẹ̀ sì hunjọ. Tó bá jẹ́ pé ó ń gun ògiri, tó ń ta sánsán, tó ní àwọ̀ pínńkì tó ki, síbẹ̀ tí ẹ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ẹ̀gún, ẹ fura sí róòsì tó ń jẹ́ Zéphirine Drouhin, tó ti wà láti ọdún 1868.

Ewé ni mo fẹ́ràn jù, torí ó máa ń sọ ìran tí igi ti wá. Ewé Alba, ìran róòsì àtijọ́ kan, ní àwọ̀ ewé tó mọ́ eérú. Ní ìdí ọ̀pá ewé, etí kékeré méjì wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kíyè sí. Bí etí náà bá ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀jẹ̀ irú róòsì tó ń jẹ́ Rosa multiflora wà nínú igi náà.

Ẹ fọwọ́ kan ìrudí. Ti róòsì Moss ní irun aláwọ̀ ewé tó ń lẹ̀ mọ́ ìka, tó sì ń rùn bí oje igi.

Ẹ kọ ìgbà tó tanná sílẹ̀: ṣé ẹ̀ẹ̀kan péré ni, ní nǹkan bí oṣù kẹfà, àbí ó ń tún un ṣe títí di oṣù kẹwàá? Ẹ má gé gbogbo òdòdó tó rọ, kí ẹ lè rí èso. Ti rugosa pupa, ó sì rí roboto bí tòmátì kékeré.

Ẹ ya fọ́tò ẹ̀gún, ewé, ìrudí àti èso. Bí ẹ bá fura pé róòsì àtijọ́ ni, ẹ mú fọ́tò náà lọ sí ọgbà Mottisfont ní Hampshire nínú oṣù kẹfà. Àwọn róòsì tó ti wà ṣáájú ọdún 1900 ni wọ́n kó jọ síbẹ̀. Ẹ fi ẹ̀gún bẹ̀rẹ̀ níwájú igi kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá jọra, ẹ kọjá sí èyí tó kàn.