Àwo Kérésìmesì àtijọ́: àwọn àṣìṣe tó ń bà á jẹ́ kí a tó rí i pín fúnni

Bí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, tí àwọn ọlọ́jà bá ti ń so iná wínníwínní mọ́ ẹnu ṣọ́ọ̀bù, Jim Reeves àti Boney M. a tún gba àdúgbò kan. Ọ̀pọ̀ ilé nílẹ̀ Yorùbá ló ti ní àwo wọn rí: Twelve Songs of Christmas tí Jim Reeves gbé jáde ní 1963, ọdún kan kí jàǹbá ọkọ̀ òfuurufú tó pa á, àti Christmas Album ti Boney M., tó jáde ní 1981. Bàbá tàbí bàbá àgbà ló rà á, rédíógíráàmù inú pálọ̀ ló ń lù ú. Lónìí, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni àwọn àwo náà wà, tàbí inú páálí Indomie nínú gáréèjì, títí ọmọ kan yóò fi gbé wọn jáde lọ́jọ́ ọdún. Ìgbà tó bá gbé wọn jáde yẹn gan-an ni ewu ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ kò bá ní ka ju ibí yìí lọ, ẹ mú èyí dání: ẹ má fi àwo àtijọ́ ṣe fàájì kí ẹ tó ṣe ẹ̀dà ohun tó wà nínú rẹ̀.

“Ó wà lórí YouTube”

Èyí ló burú jù nínú gbogbo wọn, torí òun ló ń mú kí àwọn èèyàn kó àwo dà sí ààtàn. Ẹni tó ń sọ ọ́ rò pé bí orúkọ orin bá ti jẹ́ ọ̀kan náà, orin náà ti di ọ̀kan náà nìyẹn.

Ẹ wo White Christmas, tí Irving Berlin kọ. Ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, 1942 ni Bing Crosby kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú àwo fún ilé iṣẹ́ àwo Decca. Ó tà, ó tà, títí irin ìpìlẹ̀ tí wọ́n fi ń tẹ àwọn àwo náà fi gbó, tí kò ṣeé lò mọ́. Ní oṣù kẹta, 1947, wọ́n pe Crosby padà sí stúdíò, wọ́n wá ẹgbẹ́ olórin John Scott Trotter àti àwọn akọrin Ken Darby tí wọ́n jọ ṣe ti àkọ́kọ́, wọ́n tún orin náà kọ látìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì sa gbogbo ipá kó lè jọ ti tẹ́lẹ̀. Ti 1947 yìí ni èyí tí rédíò àti fóònù ń lù fún ọ̀pọ̀ wa. Ẹni tó bá ní ti 1942 nílé, tó sọ ọ́ nù nítorí YouTube, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tí kò ní rárá ló ń gbọ́ lórí fóònù rẹ̀.

Nat King Cole náà ńkọ́? Ó ti kọ The Christmas Song, iṣẹ́ Mel Tormé àti Bob Wells, lẹ́ẹ̀mejì ní 1946 nìkan. Ó tún un kọ ní 1953, ó tún kọ ọ́ ní 1961. Ti 1961 ni gbogbo ayé mọ̀ sí orin rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó pinnu lórí àwo kankan, ẹ ka ìwé róbótó àárín rẹ̀, kí ẹ sì tún wo ibi dídán tó yí ìwé náà ká, níbi tí ìlà orin ti parí. Wọ́n máa ń gbẹ́ nọ́ńbà síbẹ̀. Nọ́ńbà yẹn, pẹ̀lú orúkọ ilé iṣẹ́, ló máa ń jẹ́ kí a mọ irú ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ wa.

Òdìkejì àṣìṣe yìí náà wà: kí èèyàn rò pé ohun gbogbo tó bá ti gbó ti di wúrà. Ní 1961 ni ilé iṣẹ́ táyà Goodyear bẹ̀rẹ̀ sí í ta àwo Kérésì ní dọ́là kan ní ṣọ́ọ̀bù táyà káàkiri Amẹ́ríkà; ní 1962, Firestone tẹ̀ lé wọn. Àwọn ará wa tó wà lọ́hùn-ún máa ń rí i rà ní owó táṣẹ́rẹ́ ní ọjà àlòkù, torí ó pọ̀ lọ rẹpẹtẹ. Orin inú rẹ̀ dára, àmọ́ ẹ má retí kó san owó ilé ìwé ọmọ.

Sípíríìtì, kẹrosíìnì àti aṣọ gbígbẹ

Nínú páálí kan náà, ó lè jẹ́ pé oríṣi àwo méjì tí ara wọn kò jọra ló wà níbẹ̀. Àwo 78 àtijọ́, tó ń yí ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, ṣẹ́láàkì ni wọ́n fi ṣe é, ìyẹn oje tí kòkòrò kan ń pọ̀ sára igi ní Íńdíà àti agbègbè rẹ̀, tí wọ́n wá pò mọ́ ẹ̀tù òkúta. Ó wúwo, ó le gan-an, ó sì máa ń fọ́ bó bá já bọ́. Àwo fáínìlì ẹlẹ́gbẹ́ gígùn tó ń yí ní 33⅓, ọdún 1948 ni ilé iṣẹ́ Columbia gbé e jáde. Àwo kékeré 45 ti RCA Victor tẹ̀ lé e ní 1949. Èyí fúyẹ́, ó sì ń tẹ̀ díẹ̀ lọ́wọ́.

Sípíríìtì a máa yọ́ ṣẹ́láàkì. Kì í ṣe pé ó lè bà á jẹ́ lọ́jọ́ iwájú o. Ojú yín ni àwo náà yóò ti máa ṣí sára aṣọ tí ẹ fi ń nù ún. Àwọn kan tún máa ń fi kẹrosíìnì nù àwo kó lè dán. Lóòótọ́ a máa dán, ṣùgbọ́n òróró inú rẹ̀ yóò kún inú ìlà, eruku yóò sì wá lẹ̀ mọ́ ọn. Omi distilled tí kò ní iyọ̀ nínú, pẹ̀lú ẹ̀kán ọṣẹ ìfọwo kan tàbí méjì, ti tó fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ nù ún, kí ọwọ́ máa yí bí ìlà orin ṣe yí, ẹ má jẹ́ kí omi kan ìwé àárín, ẹ sì jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Ẹ má ri àwo ṣẹ́láàkì sínú omi.

Ti ọyẹ́ tún yàtọ̀. Iná tó máa ń ta wá lára nígbà tí a bá ń bọ́ aṣọ lásìkò ọyẹ́, òun náà ló wà lára fáínìlì. Bí ẹ bá fi aṣọ gbígbẹ nù ún nígbà yẹn, iná ọ̀hún yóò pọ̀ sí i, àwo yóò sì fa gbogbo eruku pálọ̀ mọ́ra. Ẹ wá gbé abẹ́rẹ́ lé e: abẹ́rẹ́ á máa lọ eruku mọ́ ara ìlà, ohun tó bá sì họ níbẹ̀ kì í padà. Bí aṣọ náà bá rin fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, kò ní rí bẹ́ẹ̀.

Owó ẹyọ lórí apá gíramafóònù

Gbogbo wa la mọ àṣà yìí. Àwo ń fò, wọ́n á gbé kọ́bọ̀ kan lé orí apá kí abẹ́rẹ́ lè dúró. Abẹ́rẹ́ á dúró lóòótọ́, torí ó ti ń walẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ òde òní kò fẹ́ ju gíráàmù kan àbọ̀ sí méjì lọ lórí àwo. Iye náà máa ń wà nínú ìwé tó bá abẹ́rẹ́ wá. Bí àwo bá ń fò, ìdọ̀tí ni ẹ kọ́kọ́ fura sí, lẹ́yìn náà abẹ́rẹ́ tó ti gbó.

Ìlà àwo 78 fẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta ti fáínìlì. Abẹ́rẹ́ tirẹ̀ tó ìdá mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún ínǹṣì. Ti fáínìlì kò ju ìdá kan lọ. Abẹ́rẹ́ kékeré nínú ìlà ńlá yóò jókòó sí ìsàlẹ̀ níbi tí ariwo pọ̀ sí. Abẹ́rẹ́ ńlá lórí fáínìlì yóò ya á ní àyajù. Ẹ̀rọ tó dára máa ń ní abẹ́rẹ́ méjì tí èèyàn lè pààrọ̀. Ní tèmi o, rédíógíráàmù bàbá àgbà, ẹ jẹ́ kó máa ṣe ẹ̀ṣọ́ pálọ̀. Apá rẹ̀ wúwo, abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ kò sì yí padà láti ìgbà tí wọ́n ti rà á. Kò yẹ kí àwo tí ẹ̀dà rẹ̀ ṣọ̀wọ́n kàn án.

Ìpamọ́

Ẹ má to àwo léra. Ẹ jẹ́ kí ó dúró, kó dúró ṣánṣán, kó má fì. Ẹ má fi sí bọ́ọ̀tù mọ́tò nínú oòrùn láàárọ̀ Kérésì nígbà tí ẹ bá ń lọ kí àwọn òbí. Kí ẹ tó dé Ìjẹ̀bú, ó lè ti wọ́. Àwo tó bá sì ti wọ́, ẹ má gbé áyọ́ọ̀nù lé e, ẹ má tì í sínú ófùùnù: ó lè tẹ́ pẹrẹsẹ lóòótọ́, kí ìlà orin inú rẹ̀ sì ti bàjẹ́. Ọ̀rá PVC náà a máa fi àwọ̀ ìkùukùu sára àwo lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Ọ̀rá polyethylene kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Páálí òde ni ikán àti aáyán fẹ́ràn, nítorí náà ẹ gbé e kúrò nílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Fóònù níwájú sípíkà

Nígbà tí ó bá wá kan ṣíṣe ẹ̀dà, ọ̀pọ̀ á gbé fóònù síwájú sípíkà, wọ́n á ká a sílẹ̀, wọ́n á sì pè é ní ìpamọ́. Ohun tí wọ́n pamọ́ ni ohùn pálọ̀: jẹnẹrétọ̀, adìẹ, ẹ̀gbọ́n tó ń béèrè ẹni tó gbé gààrí. (Mo gbà pé ìyẹn náà dùn ún gbọ́ lẹ́yìn ogún ọdún. Àmọ́ kì í ṣe àwo.)

Okùn láti inú ẹ̀rọ sí kọ̀ǹpútà ló tọ́. Níbẹ̀ pàápàá, àwọn kan a gbàgbé pé ẹ̀rọ náà nílò agbóhùnga tirẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní phono preamp. Nígbà tí wọ́n bá ń gbẹ́ àwo, wọ́n máa ń dín ohùn ìsàlẹ̀ kù, wọ́n sì máa ń fi kún ti òkè. Ẹ̀rọ yìí ló ń dá a padà sí bó ṣe yẹ. Láti 1954 ni àwọn ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà ti fẹnu kò sí ìwọ̀n kan ṣoṣo, RIAA. Àwọn àwo tó ṣáájú ìgbà náà, oníkálukú ló ní tirẹ̀. Bí ohùn àwo yín bá tinrín, tí bàsì kò sí níbẹ̀ rárá, ẹ yẹ èyí wò kí ẹ tó dá àwo lẹ́bi.

Ẹ gbà á sílẹ̀ ní WAV, bít 24, ní 96 kHz bí ẹ̀rọ yín bá lè ṣe é. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yóò gba nǹkan bíi 1 GB. Fáìlì yẹn, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́. Lára ẹ̀dà rẹ̀ ni kí ẹ ti yọ ariwo, kí ẹ sì ṣọ́ra níbẹ̀, torí ẹ̀rọ tó ń yọ ariwo a máa bá a yọ agogo àti èémí olórin lọ, tí ohùn yóò wá dà bíi pé inú omi ló ti ń wá. Láti inú ẹ̀dà yìí náà ni ẹ ti lè ṣe MP3 tí ẹ ó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Àṣìṣe ni kí MP3 jẹ́ ẹ̀dà kan ṣoṣo tó kù.

“Ó ti pẹ́, kò lólóhun mọ́”

Orin lọ́tọ̀, àwo lọ́tọ̀. Silent Night, tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ní Oberndorf ní Austria ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú Kérésì 1818, kò sí ẹni tó ni orin náà lónìí; ẹnikẹ́ni lè kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ohùn Jim Reeves tó ń kọ ọ́ ní 1963, ó lólóhun. Gẹ́gẹ́ bí òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní 2018, àwo tó jáde láàárín 1923 sí 1946 ní ààbò fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Ti 1947 sí 1956 ní àádọ́fà. Àwọn tó jáde lẹ́yìn ìyẹn títí di àárín oṣù kejì 1972 yóò wà lábẹ́ ààbò títí di ọjọ́ 15, oṣù kejì, 2067. Ìyẹn ni pé White Christmas ti 1942 yóò bọ́ ní 2043, ti 1947 yóò sì di 2058. Ní Nàìjíríà, òfin 2022 fún àwo ní àádọ́ta ọdún lẹ́yìn tó jáde, àmọ́ ẹni tó kọ orin náà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, ohun tí ẹ bá sì gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í dúró sí Nàìjíríà. Ní 2023, àwọn ilé iṣẹ́ orin ńláńlá gbé Internet Archive, ilé ìkàwé orí íntánẹ́ẹ̀tì, lọ sílé ẹjọ́ nítorí ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwo 78 tó gbé síta fún aráyé, White Christmas ti Crosby wà lára àwọn tí wọ́n kà sílẹ̀, wọ́n sì parí ẹjọ́ náà láàárín ara wọn ní 2025.

Ẹ̀dà tí ẹ ṣe fún ara yín nílé, kí àwo má bàa gbó, kì í ṣe òun ni wọ́n ń lé. Gbígbé e síta fún gbogbo ayé ni. Bí ẹ bá fẹ́ pín in, ẹ pe àwọn ẹbí jọ sí pálọ̀ kí wọ́n wá gbọ́ ọ.

Bíbẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò yẹ

Bí àkókò àti iná bá ṣe kéré tó, Jim Reeves kọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Ẹ̀dà tirẹ̀ kún ayé. Orin ìparí ọdún ti C.A.C. Good Women Choir ti Ìbàdàn pàápàá kò ní sọnù, ó wà níbi gbogbo. Ẹ wo inú páálí náà fún àwo 45 tí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ kan ná owó ara wọn lé, tí wọ́n fi Yorùbá kọrin ìbí Jésù, tí ẹ kò rí orúkọ wọn níbikíbi lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní 1922, Àlùfáà Josaiah Ransome-Kuti, bàbá àgbà Fela, kọ orin ìyìn Yorùbá sínú àwo fún ilé iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí a bá ṣì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lónìí, ara àwo ṣẹ́láàkì tí ẹnìkan kò sọ nù la ti rí i.

Irú àwo bẹ́ẹ̀, ẹ ya fọ́tò ojú méjèèjì, ìwé àárín, páálí iwájú àti ẹ̀yìn, àti nọ́ńbà tó wà níbi dídán yẹn. Ẹ fi orúkọ ìlú àti ti ìjọ sára orúkọ fáìlì, kí ẹ má pè é ní “Track 01”. Bí àgbàlagbà kan bá wà nínú ìjọ náà tó lè sọ ẹni tó ń lé orin àti ẹni tó ń fọn fèrè, ẹ lọ bi í kí ọdún yìí tó parí, kí ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Ẹ má fojú bu ọdún tí àwo jáde bí kò bá sí níbẹ̀: ẹ kàn kọ “ọdún kò sí lórí àwo”.