Bí a ṣe ń fi àga oníkẹ̀kẹ́ jáde nígboro

Àtẹ̀gùn kan ṣoṣo lè da ìrìn wákàtí kan nù. Ẹnìkan ti fi dá mi lójú lórí fóònù rí pé, "Kò sí wàhálà, ẹ ó wọlé." Mo dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn náà, mo bá àtẹ̀gùn mẹ́ta. Kò parọ́ fún mi. Ojoojúmọ́ ló ń gùn ún, ojú rẹ̀ kò rí i mọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti yí ìbéèrè mi padà, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin náà ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ẹ tó jáde, ẹ béèrè iye

Ẹ má béèrè pé ṣé àga oníkẹ̀kẹ́ lè wọlé. Ẹ bi wọ́n pé: àtẹ̀gùn mélòó ló wà láti etí títì dé inú ilé? Tí ilẹ̀kùn bá ṣí tán, báwo ni àyè tó kù ṣe fẹ̀ tó? Ilé ìtọ̀ ńkọ́, ṣé inú ni ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí sí àbí ìta? Èyí tó bá ń ṣí sínú lè gba gbogbo àyè tí àga ì bá fi dúró, ẹ ò sì ní rí i tì. Bí ẹ̀rọ agbéniròkè bá wà, ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lónìí? Ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò ẹnu ọ̀nà ránṣẹ́ sí yín.

Ẹ wọn àga tiyín náà. Kì í ṣe ibi ìjókòó là ń wọ̀n o. Láti etí irin tí a fi ń ti táyà lọ́tùn-ún dé ti òsì ni, kí ẹ wá fi àyè ìka ọwọ́ kún un. Ọ̀pọ̀ àga àfọwọ́tì fẹ̀ tó 60 sí 70 sẹ̀ǹtímítà, nítorí náà ẹnu ọ̀nà tó fẹ̀ tó 80 tó wá. Láti yí àga po, ẹ máa nílò nǹkan bí 150 sẹ̀ǹtímítà.

Máàpù orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ Wheelmap, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì lọ́dún 2010, ń fi àwọ̀ ewé sàmì sí ibi tó ṣeé wọ̀, ó ń fi pupa sàmì sí ibi tí kò ṣeé wọ̀. Àwa tí à ń lò ó la ń kọ nǹkan sínú rẹ̀, nítorí náà ẹ ṣì pe ibẹ̀ kí ẹ tó lọ.

Ẹ yẹ àga wò

Ẹ tẹ táyà, ẹ fa búréèkì, ẹ yọ irun àti òwú tó ti wé mọ́ táyà kékeré iwájú. Ẹ má gbé àpò tó wúwo kọ́ ẹ̀yìn àga: bí ẹ bá ń gun òkè, ó lè fà yín ṣubú sẹ́yìn. Abẹ́ ìjókòó ni kí ẹrù wà. Bí àga yín bá ń lo bátìrì, ẹ rántí pé òkè máa ń jẹ ẹ́ ju ilẹ̀ títẹ́jú lọ. Bó bá ti ku ìdajì, ẹ ronú ọ̀nà ilé. Kí ẹ sì mọ ibi tí irin tó ń tú mọ́tò sílẹ̀ wà, nítorí ẹni tó bá fẹ́ tì yín kò ní lè tì í láìjẹ́ pé ẹ tú u.

Lójú ọ̀nà

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni kí ẹ fi ọkàn sí jù. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ń lò ni 1 sí 12: bí ibi tí a fẹ́ gùn bá ga ní sẹ̀ǹtímítà kan, kí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gùn tó 12. Àtẹ̀gùn kan tó ga ní 15 ń fẹ́ 180 sẹ̀ǹtímítà, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà méjì. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá gbé pákó kúkúrú kan kalẹ̀ tó ní "ẹ máa bọ̀", ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má gùn ún. Bí ẹ bá ń gòkè, ẹ tẹ àyà síwájú. Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ fẹ̀yìn ti àga, kí irin tí a fi ń ti táyà máa yọ̀ díẹ̀díẹ̀ ní àtẹ́lẹwọ́. Ó máa ń gbóná gan-an, ẹ wọ ìbọ̀wọ́.

Ibi tí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ti ga ju títì lọ, ẹ̀yìn la fi ń sọ̀ ọ́. Ẹ yí ẹ̀yìn sí títì, ẹ tẹ̀ síwájú, kí táyà ńlá méjèèjì jọ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ẹnìkan kọ́kọ́ dúró lẹ́yìn yín títí yóò fi mọ́ yín lára. Bí ẹ bá fẹ́ sọdá irin ojú ọ̀nà rélùwéè tàbí ọmọrí gọ́tà oníhò, ẹ kọjú sí i tààrà. Bí ẹ bá gba ẹ̀gbẹ́, táyà kékeré á há.

Nínú bọ́ọ̀sì, irin ara àga ni kí wọ́n so okùn mọ́, kì í ṣe táyà. Bí takisí ni, ẹ ní kí awakọ̀ kọ́kọ́ yọ tìmùtìmù, kó wá di àárín aṣọ ìjókòó mú, kó fà á sókè, àga tó ṣeé ká á pàdé fúnra rẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ kò mọ ohun tí ẹ mọ̀. Ẹ sọ fún un kó tó fọwọ́ kan àga: "Má gbé e níbi ìgbápálé, ó ń yọ. Irin abẹ́ yìí ni kí o dì mú." Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín láti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bí wọ́n bá gbé e lọ́nà tí kò tọ́, ẹ̀yin lẹ ó ṣubú.

Bó bá ti tó ìṣẹ́jú 15 sí 30, ẹ tẹ̀ síwájú tàbí kí ẹ gbé ìdí sókè, kí ara má baà dégbò. Èyí rọrùn láti gbàgbé nígbà tí ìgboro bá ń dùn mọ́ni, torí náà mo máa ń jẹ́ kí fóònù pè mí.

Bí ẹ bá padà délé, ẹ kọ iye àtẹ̀gùn àti fífẹ̀ ilẹ̀kùn tí ẹ bá níbẹ̀ sórí máàpù, pẹ̀lú fọ́tò ẹnu ọ̀nà, ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an.