Bí a ṣe ń di lọ́fínńdà, asitóònì, bílíìṣì àti sódà fún wáíbíìlì láti Ìjẹ̀bú

Ẹni tó ń ta lọ́fínńdà, kíùtẹ́ẹ̀sì tàbí èlò aládìrẹ ní Òkè-Àjẹ, ọjà rẹ̀ kì í mọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Oníbàárà á pè láti Ìbàdàn, láti Àkúrẹ́, ẹrù á sì gba gáréèjì lọ. Púpọ̀ nínú ọjà yìí ló ń gbaná, òmíràn ń jẹ ara. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní ìlànà fún dídi irú wọn nígbà tí wọn kò bá pọ̀, òun la ó tẹ̀ lé.

Gbòǹgbò ìlànà náà ni pé ìwọ̀n inú ìgò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wò, nítorí ìgò kan tó bá fọ́ kò lè dà ju ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ. Ìgò kékeré nínú páálí líle. Páálí àti ẹrù inú rẹ̀ lápapọ̀ kò gbọdọ̀ ju 30 kg lọ.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ààlà ọjà yín. Asitóònì (omi tí wọ́n fi ń nu kíùtẹ́ẹ̀sì kúrò) àti ọtí líle tí wọ́n fi ń po lọ́fínńdà: lítà 1 nínú ìgò kan. Lọ́fínńdà tí a ti pò tán: lítà 5. Agolo tí ń fín: lítà 1. Bílíìṣì tí kò le: lítà 5, èyí tó le: lítà 1. Sódà gbígbẹ (kọ́sítíìkì sódà tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ): kílò 1 nínú ike kan. Hydros tí àwọn aládìrẹ ń lò: òdo. Kò sí ìwọ̀n rẹ̀ tó kéré tó fún ìlànà yìí, torí bí ọ̀rinrin bá wọ̀ ọ́, á máa gbóná fúnra rẹ̀ títí á fi gbiná, èéfín rẹ̀ á sì máa fún èèyàn lọ́rùn. Ẹ má bù ú sínú ọ̀rá kí ẹ fi ránṣẹ́, bó ti wù kó kéré mọ. Kí oníbàárà rà á nítòsí ibi tó wà, nínú agolo tí ilé-iṣẹ́ dé.

Lẹ́yìn náà, ìgò. Asitóònì ń ba ike ìgò omi tó mọ́ gaara jẹ́, ó sì ń yọ́ fóòmù funfun inú páálí tẹlifíṣọ̀n. Inú dígí, agolo, tàbí ike funfun líle tí a kì í rí inú rẹ̀ kedere ni kó wà. Sódà ń jẹ alumíníọ̀mù, gáàsì tó ń gbaná ló sì ń tú jáde bó ṣe ń jẹ ẹ́, nítorí náà ike líle ni tiẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rá méjì nínú kó má baà fa omi. Ìdérí bílíìṣì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó ń mí díẹ̀, torí bílíìṣì ń tú atẹ́gùn jáde. Bí ẹ bá dé e pa, ìgò á wú. Ohun tó ń mí kò sì gbọdọ̀ dùbúlẹ̀. Ẹ má ṣe rọ èyíkéyìí nínú wọn sínú ìgò ohun mímu. Ọmọdé lè mu ún.

Rírọ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Wọ́n á rọ ìgò kún dé ẹnu kí oníbàárà má baà rò pé wọ́n yàn án jẹ. Lítà ọtí kan tó bá kúrò ní 25°C tó dé 55°C, nǹkan bí 33 ml ló máa fi wú, búùtù ọkọ̀ tó dúró sóòrùn ní Ṣàgámù sì máa ń gbóná gan-an. Bí kò bá sí àyè, ìdérí ló máa gbé e. Nínú ìgò lítà 1, ẹ rọ ọ́ dé 920 ml, kí ẹ kọ 920 ml sára rẹ̀, kò sì sẹ́ni tí yóò sọ pé ẹ yan òun jẹ.

Ẹ nu ẹnu ìgò gbẹ, ẹ dé e le, kí ẹ wá yẹ̀ ẹ́ wò. Asitóònì máa ń gbẹ kí ojú tó rí i, nítorí náà ẹ fi báírò fa ilà sórí ìwé funfun, kí ẹ dojú ìgò dé ilà náà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí báírò náà bá ṣàn, ìdérí ń jò. Ti ọtí náà ń hàn bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe dojú bílíìṣì dé. Èyí tí kò bá jò, ẹ fi téèpù yí ìdérí rẹ̀ ká. Ti agolo tí ń fín, ìdérí rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí, kí nǹkan kan má baà tẹ ẹnu rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ó wá kan páálí. Ẹ ki ìgò kọ̀ọ̀kan bọ ọ̀rá tirẹ̀, kí ẹ fi ohun tó lè fa omi inú rẹ̀ mu yí i ká. Pámpáàsì dára púpọ̀ fún lọ́fínńdà. Ẹ má lo ìyẹ̀fun pákó sọ́ọ̀mílù sí ìdí bílíìṣì, wọn kì í bá ara wọn rẹ́. Bílíìṣì àti ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ ṣáláńgá kò gbọdọ̀ wọ páálí kan náà: bí wọ́n bá pàdé, gáàsì tó ń pa èèyàn ni wọ́n máa tú jáde. Ẹ fi páálí lé páálí láàárín àwọn ìgò kí wọ́n má kanra. Ẹ wá gbé e sókè ní mítà 1.2, kí ẹ jẹ́ kó já. Omi lásán ni kí ẹ rọ sínú ìgò ìdánwò yìí o. Bí ìgò bá dún, ẹ tún un dì.

Àmì tí ẹ máa ya sára páálí: igun mẹ́rin tó fi ṣóńṣó dúró, sẹ̀ǹtímítà 10 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan (5 bí páálí bá kéré), igun òkè àti ti ìsàlẹ̀ dúdú, àárín funfun. Ẹ tún ya ọfà tó kọjú sókè sí ẹ̀gbẹ́ méjì tó dojú kọra. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, lẹ́tà Y máa wà láàárín àmì, ààlà rẹ̀ sì le ju èyí lọ: lọ́fínńdà tó ń tètè gbaná kò gbọdọ̀ ju lítà 1 nínú odindi páálí, òṣìṣẹ́ tó gba ẹ̀kọ́ ẹrù eléwu ló sì máa kọ ìwé rẹ̀. Ẹ má ṣe dọ́gbọ́n fi í sínú báàgì.

Ní gáréèjì, ẹ sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún dẹ́rẹ́bà ní gbangba, bó bá tilẹ̀ fi owó kún un. Ẹni tí kò mọ̀ ló ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, tó sì ń mu sìgá lórí rẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sára páálí, kí ẹ sì ní kí oníbàárà ṣí i ní ìta gbangba. Bó bá gbóòórùn asitóònì kó tó ṣí i, kó gbé e jìnnà sí sítóòfù, kó jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Bí sódà ló dà, kó wọ ìbọ̀wọ́, kó fi ìgbálẹ̀ gbá a nígbà tó ṣì gbẹ, kó tó fi omi púpọ̀ fọ ilẹ̀.