Àwọn àṣìṣe tí à ń ṣe tá a bá ń gbọ́ ohùn àtijọ́ láti Amẹ́ríkà

Àwọn rẹ́kọ́dù tí ìjọba Amẹ́ríkà ti kó síta yìí, ìpè fóònù Ààrẹ Johnson o, tẹ́ẹ̀pù Ààrẹ Nixon o, ohùn àwọn àgbàlagbà tí wọ́n bí sóko ẹrú, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ló wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ẹnikẹ́ni tó bá ti ní dátà lè gbọ́ ọ. Ìṣúra ni. Ohun tó ń dùn mí ni bí àwa náà ṣe ń lò ó, wọ́n á gé ìṣẹ́jú kan níbẹ̀, wọ́n á jù ú sórí WhatsApp, wọ́n á ní "ẹ̀rí rèé o". Ẹ̀rí kí ni?

Ẹ má fi kílíìpù kan dájọ́, èyí ló burú jù. Ẹ wo ìpè tó wáyé láàárín Ààrẹ Lyndon Johnson àti Martin Luther King, aṣáájú ìjà ẹ̀tọ́ àwọn èèyàn dúdú, ní January 15, 1965, ọjọ́ tí King pé ọmọ ọdún 36 gan-an. Johnson ń sọ fún un níbẹ̀ pé kí wọ́n wá ibi tí ìyà ìdìbò ti ń jẹ àwọn èèyàn dúdú jù, ní Alabama tàbí Mississippi tàbí Louisiana, kí wọ́n gbé e sórí rédíò, sórí tẹlifíṣọ̀n, kí wọ́n máa sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní gbogbo ibi tí ẹnu wọn bá ti lè tólẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ibẹ̀ nìkan á ní Johnson ló kọ́ King ní ìjà ìdìbò tó jà ní Selma, ìlú kan ní Alabama. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Láti January 2 ni King ti dúró ní ṣọ́ọ̀ṣì Brown Chapel ní Selma tó kéde pé ìjà ìdìbò ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ SNCC, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ èèyàn dúdú, sì ti wà nílùú náà láti 1963, àwọn ará ìlú fúnra wọn ti ń lọ forúkọ sílẹ̀ ní kọ́ọ̀tù tí wọ́n ń lé wọn padà tipẹ́tipẹ́ kí ààrẹ tó gbé fóònù kankan. Nínú ìpè kan náà yẹn, King ló ń ṣàlàyé fún ààrẹ pé àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù tí Johnson ò ti rọ́wọ́ mú nínú ìbò ààrẹ, ibẹ̀ náà ni iye èèyàn dúdú tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ò ti tó 40 nínú 100. Ṣé ẹ rí i pé òun náà mọ òṣèlú. Àwọn tó ń gé kílíìpù kì í gbé apá yẹn. Àwọn tí wọ́n lù lálùbami lórí afárá Edmund Pettus ní Selma ní March 7 ló fi ara wọn san owó òfin ìdìbò tí Johnson fọwọ́ sí ní August 6 ọdún yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi ìpè fóònù kan gba iyì yẹn lọ́wọ́ wọn.

Ẹ sì máa bèèrè pé ta ló mọ̀ pé wọ́n ń gbohùn sílẹ̀. Johnson mọ̀, King ò mọ̀. Johnson ló ń pinnu ìpè tí wọ́n máa gbà sílẹ̀, ti Nixon wá yàtọ̀, láti February 1971 ni ẹ̀rọ tó wà ní ọ́fíìsì ẹ̀ ti máa ń tan ara ẹ̀ tó bá ti gbóhùn èèyàn, ìdí nìyẹn tó fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, wákàtí bíi 3,700 ló gbà sílẹ̀. Síbẹ̀ ẹ má sọ pé gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀ o, torí tẹ́ẹ̀pù June 20, 1972, ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n mú àwọn tó fọ́ ọ́fíìsì ẹgbẹ́ òṣèlú Democrat ní ilé Watergate, ó ní ìṣẹ́jú méjìdínlógún àtààbọ̀ tí ẹnì kan ti pa rẹ́, kò sí ẹni tó tíì rí i gbà padà títí dòní.

Èyí tó máa ń bí mi nínú ni ti àwọn tó ti ṣẹrú rí. Láàárín 1936 sí 1938, ìjọba rán àwọn èèyàn lọ fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò, àwọn tó lé ní 2,300 ló sọ̀rọ̀. Ẹ má kà á bíi pé ọ̀rọ̀ ẹnu wọn gẹ́lẹ́ ni. Ìwé ni wọ́n kọ èyí tó pọ̀ jù sí, wọn ò gba ohùn wọn sílẹ̀, òyìnbó ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń bèèrè, ayé Jim Crow sì ni, ìgbà tí òfin ń ya èèyàn dúdú sọ́tọ̀, àwọn arúgbó yẹn tálákà ni wọ́n, wọ́n ń retí owó ìrànwọ́ ìjọba. Màmá kan wà ní Charleston ní South Carolina, Susan Hamlin, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Òyìnbó obìnrin kan, Jessie Butler, lọ bá a, màmá rò pé ọ́fíìsì tó ń pín owó ìrànwọ́ ló ti wá, ló bá ní ọ̀gá òun Fuller, èèyàn dáadáa ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí Augustus Ladson, tó jẹ́ èèyàn dúdú bíi tiẹ̀, lọ bá a, ni màmá bá tú ohun tó wà níkùn jáde, ẹgba, àwọn tó ṣègbéyàwó lónìí tí wọ́n ta ọ̀kan nínú wọn lọ́la, igbe àwọn èèyàn tọ̀sán-tòru nígbà tí wọ́n bá ń já bàbá tàbí ọmọ gbà lọ́wọ́ wọn. Ẹnu kan náà o! Kì í kúkú ṣe gbogbo ohun tójú rí lẹnu ń sọ, ó dọwọ́ ẹni tó jókòó síwájú ẹni. Ẹni tó bá wá mú ti Butler nìkan táá ní ẹrú ò jìyà tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, ìkà ni ohun tó ń ṣe. Kó lọ gbọ́ Fountain Hughes, ohùn ẹ̀ gan-an ni wọ́n gbà sílẹ̀ ní Baltimore ní 1949, ó ní tóun bá mọ̀ pé òun máa tún ṣẹrú, òun á kúkú mú ìbọn kóun fi parí gbogbo ẹ̀, torí ajá lásán lẹrú.

Ẹ tún ṣọ́ra tí wọ́n bá ní ẹnì kan ni "ẹni ìkẹyìn" tó ṣẹ́kù nínú àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Áfíríkà. Oluale Kossola, tí wọ́n ń pè ní Cudjo Lewis, ọmọ apá Bantè tó wà ní Benin báyìí, tí ọkọ̀ ojú omi akẹ́rú Clotilda gbé dé Alabama ní 1860, ọjọ́ pẹ́ tí gbogbo èèyàn fi ń pè é bẹ́ẹ̀ torí òun ni wọ́n lọ bá sọ̀rọ̀ jù. 1935 ló kú. Matilda McCrear, ọmọ Yorùbá lòun náà, ọkọ̀ kan náà ló gbé e wá ní kékeré, títí di 1940 ló ṣì wà láyé, Selma tá à ń sọ yìí náà ló kú sí.

Ó wá ku ti FBI, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà. Láti October 1963 ni wọ́n ti gbàṣẹ láti máa gbọ́ fóònù King, wọ́n tún fi ẹ̀rọ pamọ́ sí yàrá òtẹ́ẹ̀lì tó ń dé sí. Ọ̀pọ̀ ohun táwọn èèyàn ń pín kiri pé "tẹ́ẹ̀pù King" ni, ìwé tí òṣìṣẹ́ FBI kọ ni, ó kọ ọ́ fún ọ̀gá ẹ̀, Hoover, tó ti pe King ní òpùrọ́ níta gbangba ní 1964, ẹ má pe irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní ohùn King. Àwọn tẹ́ẹ̀pù yẹn, ilé ẹjọ́ ló ní kí wọ́n tì í pa fún àádọ́ta ọdún láti January 1977. Tí wọ́n bá wá ṣí i, kílíìpù máa fò káàkiri lọ́jọ́ náà, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ tẹ bọ́tìnì fọ́wọ́ọ̀dù, ẹ wá èyí tó gùn lọ gbọ́.