Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń pàṣẹ nínú BDSM

Nínú BDSM, ìyẹn eré ìbálòpọ̀ tó ní dídè, nínà àti pípàṣẹ nínú, ẹnì kan á máa pàṣẹ, ẹnìkejì á sì fi ara rẹ̀ sábẹ́ àṣẹ náà. Tí àwọn méjèèjì bá ti tójúúbọ́, tí wọ́n sì jọ fẹ́ ẹ, èmi ò rí ohun tí a fẹ́ bá wọn jà sí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹni tó ń pàṣẹ ló ń gbàgbé pé ọwọ́ ẹnìkejì ni àṣẹ náà ti wá, àti pé ó lè gbà á padà nígbàkigbà. Ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn àṣìṣe yìí ti ń wá.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni kí ènìyàn máa méfò ohun tí ẹnìkejì fẹ́. "Òun fúnra rẹ̀ ló ní òun fẹ́ ẹ." Kí ló ní òun fẹ́? Ẹni tó gbà kí o di òun lọ́wọ́ kò tíì gbà kí o na òun. Ẹni tó gbà kí o na òun kò tíì gbà kí o bá òun lò pọ̀. Ẹni tó gbà lánàá kò tíì gbà lónìí. Ẹ jókòó sọ ọ́ kí ara tó gbóná, nígbà tí ẹ ṣì wọ aṣọ yín, tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì mutí. Bi í ní ohun tó fẹ́, ohun tó lè gbìyànjú wò, àti ohun tí kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ rárá. Bi í bóyá àpá lè hàn lára rẹ̀, torí ó lè ní ibi iṣẹ́ tàbí ilé òbí tó ń lọ lọ́la. Bi í nípa ìlera rẹ̀: ikọ́ fée, wárápá, àìsàn ọkàn. Láàárín àwa Yorùbá, má ṣe yọ àrùn fòníkú-fọ̀ladìde sílẹ̀. Òtútù lásán lè gbé ìrora rẹ̀ dìde, nítorí náà yìnyín tí àwọn kan fi ń ṣeré lára ara wọn kò yẹ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Tí eré bá ti bẹ̀rẹ̀, má ṣe máa bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí ẹ kò sọ tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ ti gbóná, tí okùn sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò lè ro ọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ. Ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ mìíràn.

Ọ̀pọ̀ ti mọ̀ pé ó yẹ kí ọ̀rọ̀ kan wà tó ń dá eré dúró. Àwọn míì ń lo àwọ̀ iná ojú pópó: pupa ni dúró pátápátá, yẹ́lò ni rọra. Tí a bá dí ẹnu ẹnìkejì, á di ìdì kọ́kọ́rọ́ mú. Tó bá jù ú sílẹ̀, eré ti parí. Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í ni ohun tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n á fajú ro, wọ́n á ní "ṣé ìyẹn náà lo ò lè gbà?" Ẹni tí o bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí lẹ́ẹ̀kan kò ní sọ ọ́ mọ́, kódà nígbà tí ara bá ń ro ó gan-an.

Wo ilé tí wọ́n ti tọ́ púpọ̀ nínú wa. Láti kékeré la ti kọ́ wa pé a kì í wo àgbà lójú ká sọ pé rárá. Tí ẹni tó ń pàṣẹ bá tún dàgbà ju ẹnìkejì lọ, tàbí tó jẹ́ pé òun ló ń san owó ilé, ẹnìkejì lè máa rẹ́rìn-ín músẹ́ kí inú rẹ̀ sì máa gbọ̀n. Nítorí náà má ṣe dúró de ọ̀rọ̀ náà. Máa bi í léèrè, máa wo ojú rẹ̀, máa gbọ́ bó ṣe ń mí. Tó bá dákẹ́, tí ara rẹ̀ le gbandi, dúró. Dídákẹ́ kì í ṣe ìyọ̀ǹda.

Ewu okùn ní tirẹ̀ kì í fi ara rẹ̀ hàn kíákíá. Tó bá tẹ iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára kiri apá, ìka á kú, ọwọ́ lè máà ṣeé gbé sókè fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Máa fọwọ́ kan ìka rẹ̀ bóyá ó tutù, ní kó di ọwọ́ rẹ mú kó fún un. Fi sísọ́ọ̀sì tí orí rẹ̀ kò mú sí tòsí. Má ṣe fi ẹni tí a dè sílẹ̀ lọ sí yàrá kejì, ì báà jẹ́ láti gbé fóònù.

Fífún ọrùn ńkọ́? Kò sí ọ̀nà kankan láti ṣe é tí kò léwu. Ẹ̀yin tó wà ní England àti Wales, ẹ mọ̀ pé òfin ibẹ̀ le ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Nínú ẹjọ́ R v Brown ní ọdún 1993, ilé ẹjọ́ tó ga jù nígbà náà fọwọ́ sí ìdálẹ́bi àwọn ọkùnrin kan tó ṣe ara wọn léṣe nínú irú eré yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí wọ́n jọ ṣe é gbà fún wọn. Òfin ọdún 2021 tún kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé "torí ìgbádùn ló ṣe gbà" kì í ṣe àwíjàre fún ọgbẹ́ tó le. Láti oṣù kẹfà ọdún 2022, fífún ènìyàn lọ́rùn ti di ẹ̀sùn tó dá dúró. Ní Kánádà, ilé ẹjọ́ gíga jù sọ ní ọdún 2011 pé ẹni tó ti dákú kò lè máa fún ni ní ìyọ̀ǹda, kódà tó bá ti gbà ṣáájú.

Àwọn kan wà tí wọ́n fẹ́ràn àṣẹ débi pé wọ́n gbé e jáde kúrò nínú eré: wọ́n ń gba owó oṣù ẹnìkejì, wọ́n ń yẹ fóònù rẹ̀ wò, wọ́n ní kó má kí ìyá rẹ̀ mọ́, wọ́n sì ń pè é ní BDSM. Ìfìyàjẹni ni. Tí ìwọ tó ń ka èyí bá wà lábẹ́ irú rẹ̀, wá ẹni tí o gbẹ́kẹ̀ lé sọ ọ́ fún.

Lẹ́yìn eré, má ṣe yí ẹ̀yìn padà sùn. Fún un ní omi, fi aṣọ bò ó, jókòó tì í bó bá fẹ́. Ìbànújẹ́ lè dé bá a lọ́jọ́ kejì tàbí ìkẹta, ó sì lè dé bá ìwọ náà, nítorí náà pè é. Tó bá sọ pé o kọjá ààlà, má ṣe kọ́kọ́ gbèjà ara rẹ. Gbọ́ ọ parí. Tí ìka rẹ̀ bá ṣì kú ní òwúrọ̀, mú un lọ sí ọsibítù, kí o sì sọ fún dókítà bí okùn náà ṣe wà àti bó ṣe pẹ́ tó lọ́wọ́ rẹ̀.