OpenSSH: mo ti tún un ṣe, wọ́n ṣì ní ihò wà níbẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ubuntu 22.04 ló wà lórí sáfà wa. Nítorí ihò ààbò CVE-2024-6387 tí wọ́n ń pè ní regreSSHion, tó wà nínú OpenSSH tí a fi ń wọ sáfà láti ọ̀nà jíjìn, mo ti ṣe `apt update` àti `apt upgrade` láti gba àtúnṣe. Síbẹ̀, skánà tó ń wá ihò ààbò kiri ṣì ń kọ ọ́ ní pupa pé OpenSSH 8.9p1 ni, ó léwu. Ṣé kí n lọ daunlódì kóòdù 9.8p1 kí n fọwọ́ ara mi gbé e síbẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Ẹ má dán an wò. Tí ẹ bá fọwọ́ ara yín gbé e síbẹ̀, apt ò ní bá yín tọ́jú rẹ̀ mọ́. Ọjọ́ tí ihò mìíràn bá tún yọ, ẹ̀yin nìkan lẹ máa sáré kiri.

Lóòótọ́, inú 9.8p1 tó jáde ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2024 ni àwọn tó ni OpenSSH ti dí ihò náà. Ṣùgbọ́n Ubuntu kì í ṣàdédé pààrọ̀ odidi ẹ̀dà fún ẹni tó ti ń lo 22.04. Ìwọ̀nba ìlà kóòdù tó dí ihò náà ni wọ́n yọ, òun ni wọ́n lẹ̀ mọ́ 8.9p1. Nọ́ńbà iwájú ò kúrò lójú kan, ìrù rẹ̀ ló yí padà. Ẹ tẹ `dpkg -l openssh-server` láti rí odidi nọ́ńbà ẹ̀dà tó wà lórí sáfà yín. Bí ẹ bá rí 1:8.9p1-3ubuntu0.10, tàbí èyí tó jù ú lọ, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ọ̀pọ̀ skánà ò dán ihò wò rárá: nọ́ńbà tí sáfà fi kí wọn lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n ń kà, wọn kì í sì í kà á dé ìrù. Èsì dpkg yẹn ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń yọ yín lẹ́nu.

Ìbéèrè: Sáfà tí mi ò lè fọwọ́ kàn títí di òpin ọ̀sẹ̀ ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ fi fáyàwọ́ọ̀lù ti port 22 tí OpenSSH ń gbà wọlé, kó jẹ́ àdírẹ́sì IP ọ́fíìsì yín nìkan láá ráyè wọlé. Ìyẹn tẹ́ mi lọ́rùn ju `LoginGraceTime 0` tí gbogbo ayé ń pín kiri, èyí tó ń yí aago lọ́gíìnì OpenSSH sí òdo. Ẹni tí kò bá parí lọ́gíìnì láàárín ìṣẹ́jú àáyá 120, sshd, apá OpenSSH tó ń ṣiṣẹ́ lórí sáfà, máa já a sílẹ̀. Ibi tó ti ń já a sílẹ̀ yẹn gan-an ni ihò wà. Òdo máa ń pa aago yẹn, ihò á sì dí. Àmọ́ ẹnikẹ́ni lè wá dúró gbọnin lẹ́nu ọ̀nà láìwọlé, kí wọ́n pọ̀ débi pé ẹ̀yin gan-an ò ní ráyè kọjá.

Ìbéèrè: Ọ̀kan nínú àwọn sáfà wa ṣì ń lo Ubuntu 20.04.

Ìdáhùn: 8.2p1 ló wà níbẹ̀, kò kàn án. Ọdún 2006 ni wọ́n ti kọ́kọ́ dí ihò yìí, 8.5p1 ló tún un ṣí.