Iná Ọ́ìlì Tàn, Ẹ Má Tíì Ra Sẹ́ńsọ̀: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lọ́dọ̀ Mẹkáníìkì

Ẹ gbé mọ́tò dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ní Gáà Àkànbí tàbí Tánkẹ ní Ìlọrin nítorí iná ọ́ìlì tó ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Wọ́n ki ẹ̀rọ skáánì bọ̀ ọ́, kóòdù àṣìṣe P0522 jáde. Ohun tí ẹ máa gbọ́ ni, "Àlàájì, sẹ́ńsọ̀ yín ti lọ." Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ọmọṣẹ́ ti gun ọ̀kadà lọ ra tòkunbọ̀ wá. Wọ́n dè é, wọ́n pa kóòdù rẹ́, ilẹ̀ mọ́, iná tún tàn.

P0522 ò sọ pé sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ohun tó ń wọn agbára tí ọ́ìlì fi ń tì nínú ẹ́ńjìnì, bàjẹ́. Ohun tó ń sọ ni pé fólítéèjì tó ń gba ojú wáyà sẹ́ńsọ̀ náà dé inú brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì, ti kéré jù. P0523 ní tirẹ̀ ń sọ pé ó pọ̀ jù. Sẹ́ńsọ̀ wà lára ohun tó lè fà á lóòótọ́, àmọ́ wáyà tó já, wáyà tó bó tó ń kan irin mọ́tò, àti sọ́kẹ́ẹ̀tì tó dípẹtà náà wà níbẹ̀.

Kí a tó dórí wáyà ṣá o, ẹ má fi iná pupa ọ́ìlì ṣeré. "Sẹ́ńsọ̀ lásán ni," ni ẹlòmíì á wí, tí á sì kọrí sí Ajàṣẹ́-Ìpo. Ẹ́ńjìnì á nọ́ọ̀kì sójú ọ̀nà. Ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ jẹ́ kí ó sinmi díẹ̀, ẹ fa gééjì yọ, ẹ wo ibi tí ọ́ìlì dé. Bí ó bá pé, kí mẹkáníìkì tú sẹ́ńsọ̀, kí ó de gééjì mìíràn, èyí tó ní ọwọ́ atọ́ka tó ń wọn agbára tí ọ́ìlì fi ń tì, sójú ihò rẹ̀, kí ó wò ó nígbà tí ẹ́ńjìnì bá gbóná dáadáa. Òṣùwọ̀n àwọn àgbà mẹkáníìkì ni psi 10 (òṣùwọ̀n agbára tí ọ́ìlì fi ń tì) fún RPM 1,000 kọ̀ọ̀kan (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan), ṣùgbọ́n ohun tí ìwé mọ́tò yín bá wí ni abẹ gé. Àwọn kan tilẹ̀ ń yọ wáyà sẹ́ńsọ̀ kí iná lè kú kí wọ́n tó ta mọ́tò. Ìwà ìkà gbáà!

Ẹ tún wo irú sẹ́ńsọ̀ tí mọ́tò yín ní. Oníwáyà kan wà, tó jẹ́ pé iná nìkan ló ń tàn. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́, ẹ yọ wáyà náà. Bí iná kò bá kú, wáyà ń kan irin níbì kan. Sẹ́ńsọ̀ tuntun ò lè tún un ṣe. Ara ẹ́ńjìnì ni oníwáyà kan ti ń gba áàtì (ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí bátìrì), nítorí náà ẹ má fi téèpù púlọ́ńbà wé ẹsẹ̀ rẹ̀ bí òkú.

Oníwáyà mẹ́ta ló ń da àwọn ènìyàn láàmú. Ọ̀kan ń gbé fólítì 5 wá, ọ̀kan jẹ́ áàtì, ọ̀kan ń jíṣẹ́ fún brain box. Bí fólítì 5 kò bá sí lójú sọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n á ní brain box ti jó, owó ńlá sì dé nìyẹn. Lọ́pọ̀ mọ́tò, fólítì 5 yìí kan náà ni sẹ́ńsọ̀ méjì mẹ́ta jọ ń lò. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti jó sínú, ó ń fa gbogbo wọn wálẹ̀. Ẹ fi mítà sójú wáyà náà, kí ẹ máa yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì àwọn yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ bá yọ tí fólítì 5 padà, òun ni olè.

Ẹ má jẹ́ kí réwáyà, ìyẹn oníṣẹ́ iná mọ́tò, fi gílóòbù tẹ́ẹ̀sì ojú wáyà fólítì 5 yẹn. Iná fólítì 12 ni wọ́n ṣe gílóòbù fún. Ó lè fa iná ju èyí tí brain box lè gbé lọ. Kí ó má sì fi abẹ́rẹ́ gún ara wáyà. Nígbà ọyẹ́, ẹ ò ní rí nǹkan kan. Òjò á rọ̀, tàbí àwọn afọmọ́tò á fi ẹ̀rọ ti omi sí ẹ́ńjìnì, bàbà inú rẹ̀ á sì di aláwọ̀ ewé. Ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì ni kí ó ti ki píìnì tín-ínrín gba ẹ̀gbẹ́ wáyà wọlé. Kí ó tún wo inú sọ́kẹ́ẹ̀tì náà: bí ọ́ìlì bá wà níbẹ̀, sẹ́ńsọ̀ ti ń jò, ẹ lọ ra tuntun.

Bí ohun gbogbo bá dà bí ẹni pé ó pé, tí iná sì ń tàn, tó ń kú, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́, kí ẹnìkan máa wo fólítéèjì lójú skáánì, kí ẹnìkejì máa mi wáyà díẹ̀díẹ̀ láti sọ́kẹ́ẹ̀tì lọ, pàápàá níbi tó ti sún mọ́ sàléńsà. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ wà nígbà tí nọ́ńbà bá fò ni kí ẹ tú.